Ṣíbí Fọ́tò ní Ìkirè

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò lọ. Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú èmi àti ọmọ mi rí ní Ìkirè, kí ẹ bá mi dá sí i.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Àpòmù ni mò ń gbé, irun ni mò ń dì. Ọmọ mi obìnrin, Àdùkẹ́, ti lé ní ọmọ ọdún márùn-ún. Nígbà tí mo fẹ́ bí i, ìrọbí pẹ́ jù, ọpọlọ rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Sẹ̀rẹ́bíràl pọ́sì ni wọ́n pè é ní ọsibítù. Orí rẹ̀ pé o. Ó mọ orin, ó mọ ẹ̀fẹ̀, ó mọ ẹni tó bá ń fi òun ṣẹ̀sín. Ọwọ́ ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọwọ́ òsì kò wúlò púpọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó sàn díẹ̀ máa ń di ẹ̀ṣẹ́, àtàǹpàkò á sá pamọ́ sínú.

Ní àdúgbò wa, àwọn kan ní ahun ni, pé ó ti di owó mọ́wọ́ láti ọ̀run wá. Àwọn kan ní kí n máa fi òróró pa á, kí n máa fa àwọn ìka náà kí wọ́n lè nà. Ẹni tí ìyá tirẹ̀ kò rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí ló ń kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń lawọ́.

Obìnrin onífísíò tó ń tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ ní ọsibítù ti kìlọ̀ fún mi pé béèyàn bá ṣe ń fa ìka náà ni yóò máa le sí i. Ó ní kí n rọra tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, kí n dúró, àwọn ìka á dẹ̀ fúnra wọn. Ó tún sọ fún mi pé dídi nǹkan mú kò nira fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó jíjọ̀wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Bí Àdùkẹ́ bá ti di aṣọ mi mú, èmi ni mo gbọ́dọ̀ bá a tú u. Kò jọ̀wọ́ nǹkan kan fúnra rẹ̀ rí.

Ìyá ọkọ mi ló ti mọ́sáláṣí dé lọ́jọ́ kan, ó ní wọ́n kéde pé olówó kan ń bọ̀ wá sí Ìkirè, Màmá Aláàánú ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ló fẹ́ fún gbogbo ọmọ tí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa ní ṣíbí tí èèkù rẹ̀ tóbi, tí wọ́n lè fi máa jẹun fúnra wọn. Ṣé mo fẹ́ràn ariwo ni? Rárá. Ṣùgbọ́n irú ṣíbí yẹn gan-an ni onífísíò ní ká wá, mi ò sì rí i rà.

Èmi, Àdùkẹ́ àti ìyá ọkọ mi dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ pín in láàárọ̀. Ẹ ò rí bánà tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri! Ojú Màmá Aláàánú tóbi bí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ tó ní òun ń ràn lọ́wọ́ wà nísàlẹ̀, wọn ò tóbi ju ẹ̀pà lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀. Wọ́n kí ẹni tó wá, wọ́n kí ẹni tí kò wá. Àwọn ọmọ wa ń sunkún, wọ́n ń tọ̀ sára. Màmá wá dìde, ó ní bí òun bá ti rí irú àwọn ọmọ wọ̀nyí, òun kì í lè sùn. Mo wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán. Ẹni tí kì í sùn kì í dán báyẹn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ. Màmá á fi ṣíbí sí ọmọ lọ́wọ́, oníkámẹ́rà á ya fọ́tò, ọmọbìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ wọn á gba ṣíbí padà, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Mo rò pé wọ́n ń lọ dì í sínú ọ̀rá ni. Àṣé ṣíbí aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́! Mo rọra bi ọmọbìnrin yẹn. Ó ní àpẹẹrẹ lèyí, pé àwọn tó kù wà lọ́nà. Lọ́nà ibo? Ó ní kí n jọ̀ọ́ má da ètò rú.

Ó kàn wá. Màmá tẹ̀ síwájú, ó ń fi ọwọ́ kan kó léèsì rẹ̀ sókè kí itọ́ ọmọ mi má bàa kán sí i. Ó fẹ́ ki ṣíbí bọ inú ẹ̀ṣẹ́ Àdùkẹ́ bí ẹni ń ki igi bọ ihò eku. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe é. Mo tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ìka dẹ̀, mo fi ṣíbí sí i. Ọwọ́ ọmọ mi mú un. Ó mú un dáadáa, àtàǹpàkò wà níta. Ó gbé e dé ẹnu, lófìfo bó ṣe wà, ó sì rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i.

Wọ́n ya fọ́tò. Ọmọbìnrin yẹn nawọ́ láti gba ṣíbí. Àdùkẹ́ ò jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó fà á, ọwọ́ le. Ó tún fà á, ó le sí i. Màmá Aláàánú ṣì ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó wá ń gba àárín eyín bá mi sọ̀rọ̀.

“Ìyá ọmọ, gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń dúró.”

Mo mọ bí mo ṣe lè tú u. Kò ní pẹ́ rárá. Mo ká ọwọ́ mi sí àyà.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ fún un. Ẹ sọ ọ́ nínú máíkì pé tiẹ̀ ni.”

Ìyá ọkọ mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Ọmọbìnrin yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìka ọmọ mi tipátipá. Àdùkẹ́ figbe ta. Mo mú ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára ọmọ mi, mo ní bó bá tún kàn án, èmi àti òun la ó jọ ya fọ́tò tó kàn.

Ibẹ̀ la wà nígbà tí Àdùkẹ́ dákẹ́. Ó wo Màmá láti òkè délẹ̀. Ó wo ṣíbí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀, ìka kan là, ìkejì tẹ̀ lé e, ṣíbí bọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Òun ló jọ̀wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tó wù ú.

Omi bọ́ lójú mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí Màmá Aláàánú ṣe? Ó rò pé oore òun ló ń pa mí lẹ́kún! Ó gbá mi mọ́ra, ó sì kọ ojú àwa méjèèjì sí kámẹ́rà. Lẹ́yìn mi, wọ́n ń fi tíṣù nu ṣíbí. Wọ́n pe ọmọ tó kàn.

Kò pẹ́ tí fọ́tò fi dé orí fóònù gbogbo èèyàn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá kan sunkún ayọ̀. Àwọn oníbàárà mi ń kí mi kú oríire, wọ́n ń béèrè ìpín tiwọn. Ìyá ọkọ mi bínú sí mi, ó ní mo ba orúkọ ìdílé jẹ́, títí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí ṣíbí ń bọ̀. Ẹ bá mi béèrè.

Ọkọ mi, tó ń dáko ní Ararọ̀mí-Òwu, gbọ́ ọ tán. Ó ní kí n fi ìka mi júwe bí èèkù ṣíbí náà ṣe tóbi tó. Ó gé ìsàlẹ̀ sílípáàsì rẹ̀ tó ti já, ó fọ̀ ọ́, ó dá ihò sí i láàárín, ó ki ṣíbí ilé wa bọ̀ ọ́. Òun ni Àdùkẹ́ fi ń mu ògì báyìí. Ìdajì ń dà sí i láyà. Bó bá yó, ó ń jù ú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn, èmi ló ń jù ú lù.

Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ rẹ ní nǹkan, kó fún un ná. Bó bá jẹ́ fọ́tò ló ṣáájú, gbé ọmọ rẹ, máa lọ sílé rẹ. Má ṣe kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Àìlera ọmọ wa kì í ṣe pátákó ìpolówó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ní Gbọ̀ngán, ní Ìkirè, níbikíbi tẹ́ ẹ wà, kí lẹ fi ń kọ́ ọwọ́ tiwọn níṣẹ́? Ta ló ti fi ọmọ yín ya fọ́tò rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á. Bí Màmá Aláàánú náà bá ń kà á, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tó ju ṣíbí wọn sílẹ̀ ń kí wọn.