Èkù Ọ̀bẹ Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi ṣì ń fi ojú lásán wọn ọṣẹ. Ọṣẹ dúdú ló ń tà níwájú ilé wa ní Kotobabi, nílùú Accra, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní alata samina, ìyẹn ni ọṣẹ àwa Alata, àwa tí àwọn baba wa ti ilẹ̀ Yorùbá wá. Òkìtì ọṣẹ náà máa ń wà nínú agbada ńlá lórí tábìlì, á rọ̀ múlọ́múlọ́, á sì máa ta òórùn eérú èèpo kòkó àti àdín. Oníbàárà á dé, á ní, "Maame, samina," ìyá mi á ti ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀, á gé e, á fi ọ̀rá wé e, á sì fi ọwọ́ ọ̀tún nà án sí i. Kò ní ìwọ̀n, kò sì wá a. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ pé tòun kéré sí tẹnìkejì. Èmi ní tèmi ń bá ọ̀gá kan ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Abossey Okai, mo sì rò pé mo ti di ènìyàn ńlá nítorí pé mo mọ orúkọ gbogbo irin tó wà lábẹ́ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ kì í wọ̀ mí létí nígbà náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi fẹ́ gbé kẹ́tùlù àlùwàlá, ọwọ́ ọ̀tún kò gbọ́. Ní ọsibítù, wọ́n ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ padà, ẹnu padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò padà tán. Èjìká ń gbé apá sókè, ìgbọ̀nwọ́ ń ká díẹ̀, àmọ́ àwọn ìka rẹ̀ kákò bí ẹni tó di ọsàn mú, wọn kò ṣí, wọn kò sì pa dé. Gbogbo ará ilé ní kó máa fi òsì gé ọṣẹ. Ó wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n ní kó tú aṣọ láàárín ọjà. Ẹni tó bá ti gbé Accra mọ̀ pé bí o bá fi òsì na owó ọkọ̀ sí ọmọkọ́ṣẹ́ awakọ̀, èébú tí o máa gbọ́ kò ní tán títí o fi máa sọ̀kalẹ̀. Ìyá mi ní, "Kí n fi òsì gé ọṣẹ tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ fi wẹ̀, kí n tún fi òsì nà án sí i? Ẹ fẹ́ kí wọ́n ní Alata wá bú àwọn mọ́lé."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń gé ọṣẹ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, àti nígbà tí mo bá dé. Nígbà mìíràn á tóbi jù, nígbà mìíràn á kéré jù. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ àlòkù ní ọjà Kantamanto, oníbàárà ìyá mi ni láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbé ègé tí mo gé fún un sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Èyí ha ni ti Maame?" Ó rẹ́rìn-ín, kò ní mí sínú, ṣùgbọ́n ìyá mi gbọ́ ọ láti orí ìjókòó rẹ̀. Mo bẹ ìyá mi pé bí èmi bá gé e, kí òun máa nà án sí wọn. Ó ní òun kì í na ohun tí òun kò gé. Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ jáde síta mọ́. Oúnjẹ tó ń jẹ kò tó ti adìẹ. Ó bi mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, "Bí mi ò bá lè gé ọṣẹ mọ́, kí ni mo tún jókòó dè?" Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo rí i pé kì í ṣe ọwọ́ ló fẹ́ pa á, ìjókòó náà ni.

Alágbẹ̀dẹ kan wà ní Abossey Okai, ọmọ Ga ni, àwọn tó ni ilẹ̀ Accra, ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ló ń gbé iná rẹ̀ kalẹ̀ sí. Kò ní pátákó, kò bá ẹnikẹ́ni da iṣẹ́ pọ̀. Ó máa ń wá sí ìsọ̀ ọ̀gá mi láti ṣa sípíríǹgì ọkọ̀ ẹrù tó ti kán, á fi ìṣó kan an, á dẹ etí sí i, á mú ọ̀kan, á fi mẹ́wàá sílẹ̀. Ọ̀bẹ ló ń fi wọ́n rọ, fún àwọn alásè àti àwọn alápatà, ọ̀kan-ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ bá ṣe rí. Mo tọ̀ ọ́ lọ, mo ní kó bá mi rọ ọ̀bẹ kan fún ìyá mi, kí ó máa dán gbinrin, kí ó ní idẹ lára, kí ó sì kọ orúkọ ìyá mi sí i. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń rán aṣọ iléyá.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Sísítà, kí ni ọwọ́ náà ṣì lè ṣe?"

Mo ní kò lè ṣe nǹkan kan.

Ó ní, "Kì í ṣe ohun tí kò lè ṣe ni mo bi ọ́."

N kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ìyá tó bí mi, tí mo ń fọ̀ láràárọ̀, n kò mọ ohun tó kù tó lè ṣe. Ó ní kí n lọ mú ègé ọṣẹ tó rọ̀, kí n fi sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí ó fún un mọ bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó, kí n sì gbé e wá láìfọwọ́ bà á. Ó ní ibi tí ìka bá wọ̀ sí ni òun máa ti bẹ̀rẹ̀ èkù.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, ìyá mi ní ṣé òun ti di ọmọdé tó ń fi ẹrẹ̀ mọlé ni. Síbẹ̀, ó na ọwọ́ náà. Mo fi ọṣẹ sí i. Ó fún un títí òógùn fi bò ó níwájú orí, tí eyín rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́. Nígbà tí mo rọra yọ ọ́, ìka méjì ló wọlé dáadáa, ẹ̀kẹta kàn fara kan án ni, ọmọńdinrín kò sí níbẹ̀ rárá, àtàǹpàkò sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Ṣé gbogbo ohun tó kù lára mi nìyí?" Ọkàn mi bàjẹ́. Ó ní, "Gbé e lọ kí n tó dà á nù."

Alágbẹ̀dẹ náà kò fi mọ síbẹ̀. Ó fi igi gbẹ́ èkù kan, ó gbé e wá sí Kotobabi fúnra rẹ̀ kí ìyá mi dán an wò. Ìyá mi ní ó nípọn jù. Ó gbé òmíràn wá, ìyá mi ní ó ń fún òun ní àtàǹpàkò. Ọkùnrin náà á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa bi í pé, "Maame, níbí? Àbí kó lọ sókè díẹ̀?" Ìyá mi á ronú, á dá a lóhùn ní Ga, á tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Ga wo ni kò mọ bí ọṣẹ ṣe ń rọ̀ tó. Èmi jókòó tì wọ́n, mo ń wò. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, ohun tí à ń bi ìyá mi kò ju pé ṣé ó ti jẹun, ṣé ó ti lo oògùn. Alágbẹ̀dẹ yìí nìkan ló tún wá bi í ní ohun tó mọ̀. Àwọn àgbà ní bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lójú.

Nígbà tí ọ̀bẹ dé, kò dán, kò sí idẹ, kò sí orúkọ. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ̀ bí oṣù tuntun. Èkù rẹ̀ kò wà lẹ́yìn bíi ti ọ̀bẹ yòókù, orí ojú irin gan-an ló wà, kí èjìká lè máa tì í wálẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìka kò lágbára. Ihò ìka méjì jìn, ti ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, ti àtàǹpàkò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Awọ pẹlẹbẹ kan ló so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Mo bi í pé orúkọ tí mo ní kó kọ dà. Ó ní, "Ta ló máa jí i? Kò sí ẹlòmíràn tó lè lò ó." Ó wá kìlọ̀ fún wa pé irin yẹn kì í ṣe irú èyí tó ń dán nílé ìtajà, bí a kò bá lò ó, bí a kò sì fi òróró pa á, á dógùn-ún.

Ìyá mi jáde síta. Ó gbé èjìká, ó tẹ ọ̀bẹ mọ́ òkìtì ọṣẹ, ọ̀bẹ sì wọlé. Ègé tó gé wà bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Mo fi ọ̀rá wé e, mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ká, ó na apá látèjìká, obìnrin aláṣọ àlòkù yẹn ló sì gbà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Ta ló kàn?" Mo wọ inú ilé lọ sunkún.

Ìgbà tí mo jáde ni mo rí i pé ègé ọṣẹ tó fún ní àpẹẹrẹ, èyí tí ìka rẹ̀ wà lára rẹ̀, tí alágbẹ̀dẹ ti dá padà fún wa, kò sí lórí tábìlì mọ́. Ó ti fi í ṣe èènì fún obìnrin náà. Mo pariwo. Ìyá mi ní, "Ọṣẹ ni. Ṣé kí n máa bọ ọ́ ni?"

Àsìkò tó tẹ̀ lé e dùn, kò sì pẹ́. Àwọn èèyàn ń dúró wo bí ó ṣe ń gé e, ó sì ń lé wọn pé bí wọn kò bá ra ọjà, kí wọ́n má bo òun lójú. Ó ń jẹun. Ó ń bá mi jà. Mo gbà lọ́kàn mi pé a ti borí, mo tilẹ̀ ń sọ fún àwọn ará Abossey Okai pé ọ̀bẹ ni mo fi wo ìyá mi sàn. Ẹ wo ọmọ tó ń fọ́nnu! Kí ààwẹ̀ ọdún náà tó parí, àrùn náà tún kọlù ú, lọ́tẹ̀ yìí kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Mo gbé ọ̀bẹ náà sí i lọ́wọ́ lórí ibùsùn, mo so awọ rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, bóyá ọwọ́ á rántí. Ọ̀bẹ yọ̀ bọ́ sórí ẹní. Ó wo ọ̀bẹ, ó wò mí, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. A sin ín lọ́jọ́ kejì ọdún ìtúnu.

Èmi ni mo ń ta ọṣẹ náà báyìí. Mo fi Abossey Okai sílẹ̀, ojú mi sì ti mọ ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ọ̀bẹ ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ máa lò. Kò gbà fún mi. Ọmọńdinrín mi ń wá àyè tí kò sí, àtàǹpàkò mi kò lè fì bí tirẹ̀, ọṣẹ tí mo bá fi í gé á sì wọ́. Alágbẹ̀dẹ ní kí n jẹ́ kí òun fá èkù náà bá ọwọ́ mi mu, ó ní irin náà dára ju kó wà nínú àpótí lọ. Mo ti gbé e tọ̀ ọ́ lọ, mo jókòó tì í títí iná rẹ̀ fi kú, mo tún gbé e padà wálé. Bí ó bá fá a, ọwọ́ ìyá mi tán nìyẹn. Bí kò bá sì fá a, kò sẹ́ni tó máa lò ó, irin náà á jẹra rẹ̀ tán. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń fi àdín pa á, síbẹ̀ ìdógùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ létí ojú rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin aláṣọ àlòkù wá ra ọṣẹ. Mo bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, pé ṣé ó rántí èènì tí ìyá mi fún un lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ dé, èyí tí ojú ìka wà lára rẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Áà, ìyẹn ti tán tipẹ́. Àwọn ọmọ mi ló fi wẹ̀. Ó hó dáadáa."

N kò bínú sí i. Ohun tí ìyá mi fẹ́ kí wọ́n fi í ṣe nìyẹn. Mo sì mọ ohun tí ìyá mi ìbá sọ nípa ọ̀bẹ, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló lè sọ ọ́ kí n gbọ́, òun ni kò sì sí. Mo tú ọ̀bẹ náà kúrò nínú aṣọ tí mo fi wé e, mo ki ìka mi bọ àwọn ihò náà. Ìka méjì wọlé, ẹ̀kẹta kò ríbi gúnlẹ̀ sí. Ibi tí agbára ìyá mi parí sí ni mo ń fọwọ́ kàn, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà ṣì ń dúró de ọṣẹ rẹ̀. Mo wé ọ̀bẹ náà padà, mo mú ọ̀bẹ ilé ìdáná, mo sì gé ọṣẹ fún un.