Pèrègún Tí Mi Ò Yà

Wọ́n fẹ̀sùn kàn mí lónìí pé mo hú igi onígi. Bébà lásán ni mo sì jókòó tì o!

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi ya ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ni. Olùkọ́ mi ní ohunkóhun tó bá ń dí ojú lọ́wọ́, kí n yọ ọ́ kúrò. Mo bá jókòó síwájú ilé wa ní Egan láàárọ̀, mo ń ya ilẹ̀ òfìfo tó kọjú sí wa.

Àfi bí bàbá tó ni apá òsì ilẹ̀ náà ṣe yọ sí mi lẹ́yìn.

"Pèrègún wa dà?"

"Ẹ̀ẹ́n, sà?"

"Pèrègún tí bàbá mi gbìn sí ààlà! Ta ló ní kí o hú u?"

"Bàbá, ẹ wò ó lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Àwòrán ni èyí."

"Bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dá a padà jàre!"

Mo yà á padà. Bàbá tẹjú mọ́ ọn.

"Sún un sọ́tùn-ún díẹ̀."

Mo wo ilẹ̀, mo wo bébà. Ibi tó wà gan-an ni mo yà á sí. Mo ṣá fi ìka nù ún, mo sún un.

Inú bàbá dùn. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n fi fóònù ya bébà náà, wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi àti déètì òní sí ìsàlẹ̀. Mo kọ ọ́. Ṣebí ayàwòrán máa ń kọ orúkọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye: ṣé àwòrán ni mo yà lónìí, àbí mo ti di ẹlẹ́rìí ẹjọ́ ilẹ̀?