Orúkọ Kan Lórí Gbogbo Kọ̀ǹpútà

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Máfolúkù ni mo ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà nígbà náà. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n. Bí olùkọ́ tuntun bá dé, ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni màá lọ jókòó sí láti tẹ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, mo tún di alárìnkiri.

Màmá kan láti Èkìtì wà láàárín àwọn olùkọ́ náà, ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Inú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nìkan ni iṣẹ́ wọn wà. Bí ẹlòmíì bá ti jókòó síbẹ̀, wọn á kàn dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọn á di ìwé wọn mọ́ àyà.

Nígbà tí mo wá kọ́ bí a ṣe ń kó orúkọ gbogbo èèyàn síbì kan lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo ìyókù á máa bi bóyá òun mọ ẹni tó fẹ́ wọlé, mo pinnu láti ṣe irú rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ náà. Odindi Sátidé ni mo fi ṣe é, mo sì kó iṣẹ́ gbogbo olùkọ́ sórí sáfà náà pẹ̀lú.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo pe màmá.

“Ẹ jókòó síbi tó bá wù yín, mà.”

Wọ́n yan èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù wọn. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún kọ̀.

“Ọmọ mi, àbí mo ti bà á jẹ́ ni?”

“Rárá, mà.” Òógùn ti bò mí. Ìgbà náà ni mo rí aago tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà náà: ó ń sọ pé aago méjì ọ̀sán ti lù, nígbà tó jẹ́ pé aago mẹ́jọ àárọ̀ gan-an ò tíì lù. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló ti kú. Bẹ́ẹ̀ sáfà kì í gba ẹni tí aago kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá jìnnà sí tirẹ̀ láyè. Mo tún aago náà ṣe.

“Ẹ tún un tẹ̀, mà.”

Ìbéèrè ìdánwò wọn yọ síta, bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ gan-an. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí òmíràn. Mo sáré ṣáájú wọn lọ tún aago ibẹ̀ ṣe, torí bátìrì tirẹ̀ náà ti kú. Wọ́n wọlé. Wọ́n lọ sídìí ẹ̀kẹta.

“Ó mọ̀ mí níbí náà,” ni wọ́n wí, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú wọn.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn olùkọ́ ti kún yàrá náà. Mo ṣètò kí gbogbo kọ̀ǹpútà máa gba aago lọ́wọ́ sáfà fúnra wọn. Nígbà tí a jáde, inú mi ń dùn débi pé mo fẹsẹ̀ rìn dé Apákun, tí kò sí lójú ọ̀nà mi rárá, kí n tó rántí pé Òṣòdì ni ilé mi wà.