Sura Tí Bàbá Mi Kọ́ Mi Lórí Ibùsùn

Títí di òní, bí wọ́n bá pè mí sí wòlímọ̀, oúnjẹ ni mo máa ń fi ránṣẹ́, n kì í lọ. Wọ́n ní agbéraga ni mí. Kí wọ́n máa wí. Ìtìjú ni.

Ní Mushin wa nígbà tí òmìnira kò tíì dé, ọmọbìnrin Mùsùlùmí tó bá fẹ́ relé ọkọ yóò kọ́kọ́ ṣe wòlímọ̀, yóò ké kéwú lójú gbogbo ayé. Bàbá mi, tó ń rán fìlà, yan sura gígùn kan fún mi. Ó ti fọ́nnu fún àwọn àna mi pé ọmọ òun kò ní ké sura ọmọdé. A kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá tí epo gbígbóná fi dà sí mi lẹ́sẹ̀, ni wọ́n bá gbé mi lọ sí ọsibítù ní Yábàá.

Lọ́sàn-án, kí nọ́ọ̀sì tó fọ egbò náà, á gún mi ní abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì. Ara á rọ̀ mí wọ̀ọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá mi máa ń dé. Bó bá ti kírun àìlà, á ti ṣọ́ọ̀bù, á gun kẹ̀kẹ́ wá jókòó tì mí, á máa ké sura náà, èmi náà á máa tẹ̀lé e. Wọ́n ní mo ń ké e dáadáa, tí inú rẹ̀ fi ń dùn relé. Wọ́n ní ni mo wí, nítorí n kò rántí.

Nígbà tí mo délé tí mo gbé wàláà tí wọ́n kọ sura náà sí, ó dà bí ohun tí n kò rí rí. Ó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Mo ní bí mo bá ti lanu, á wá fúnra rẹ̀.

Kò wá. Lọ́jọ́ wòlímọ̀ náà, àwọn àna mi jókòó níwájú, mo lanu, sura kúkúrú tí mo ti mọ̀ láti kékeré ló jáde, geere, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Àáfà ní kí n máa bá a lọ. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Bàbá mi dìde, ọkùnrin tí kì í gbà pé òun jẹ̀bi.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna wa. Èmi ni mi ò kọ́ ọ.”

Ó purọ́ nítorí mi níbi kéwú, kò sì mẹ́nu bà á mọ́ títí ó fi kú.

Ọmọ mi tó di nọ́ọ̀sì ló wá là mí lóye. Ó ní ohun téèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè wà níbẹ̀ digbí, ṣùgbọ́n mọ́fíìnì lè máà jẹ́ kí ọpọlọ di ohun tuntun mú. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo gbọ́.

A pọ̀ nílé wa, kò sì sí ọmọ mìíràn tí bàbá mi jókòó tì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ mi lọ́sibítù bí ooru bá mú; n kò rántí ìyẹn náà. Mo ti mọ sura náà báyìí, àáfà mìíràn ló kọ́ mi. Bí mo bá ń ké e, mo máa ń tẹ́tí sí i bóyá ohùn bàbá mi á wà níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀.