Ayò Àánú

Kì í ṣe dókítà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ojú mi ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi ni. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe ní Dùgbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà Rélùwéè ni mo ń pè é. Tíṣà ni òun náà ń pè mí. Ilé wa kò jìnnà síra ní Bódìjà. Bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, tí a sì ti jẹun, fàráńdà rẹ̀ ni mo máa ń lọ. Òun a gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, èébú a sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ríran, kò sí orúkọ tí ọkùnrin yìí kò pè mí. Ó pè mí ní òpè. Ó pè mí ní ọmọ jẹ́léósinmi. Ó bi mí níwájú ìyàwó rẹ̀ bóyá èmi náà ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tàbí mo kàn ń gba owó ìjọba lásán ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí gilakómà ti mú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìríran mi lọ, mo nawọ́ sí ọpọ́n, mo fi ìka wá ilé mi, mo ta á, mo sì jẹ ọmọ mẹ́ta. Rélùwéè pàtẹ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà," ó wí. "Ẹ mà mọ ayò yìí ta o!"

Ìyàwó rẹ̀ náà pàtẹ́wọ́ láti inú ilé. "Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run kò fi yín sílẹ̀!"

Ẹgbẹ́ ni èmi àti ọkùnrin yìí. "Ìwọ" ni mo ti ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí irun wa ti dúdú. Ojú ṣókùnkùn, mo di "ẹ̀yin". Wọ́n gbé mi ga lójijì, bí a ti ń gbé òkú ga.

Mo nà án lọ́jọ́ yẹn. Mo nà án lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Èmi tí n kò nà án léraléra rí nígbà tí mo ní ojú méjì tó mọ́ kedere, mo wá di ọ̀ta ayò nígbà tí n kò mọ ibi tí ọpọ́n parí sí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ayé mi ṣe. Mo ti máàkì ìwé ìdánwò débi pé mo lè dá ọmọ tí kò mọ ìdáhùn mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tó mọ̀ ọ́n, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìkọkúkọ. Mo fi ìka tẹ ọpọ́n lọ, mo bá ilé rẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn. Wọ́n tò tẹ̀léra, wọ́n ń dúró dè mí bí ẹran tí wọ́n ti gé sínú àwo fún ọmọdé. Rélùwéè kì í fi ilé sílẹ̀ báyẹn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ku ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gbé e sá bí ẹni tó ń gbé ọmọ sá fún ogun!

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Àánú dára, èmi náà ti wàásù rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ jù fún mi ní àkókò yẹn. Nílé, wọ́n ń gé ẹran fún mi. Ní ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ring Road, nọ́ọ̀sì bi ọmọbìnrin mi pé, "Ṣé bàbá ti jẹun?" nígbà tí bàbá jókòó síbẹ̀, tí ohunkóhun kò sì ṣe ẹnu rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa pariwo mọ́ mi, bí ẹni pé etí ni mo gbé lọ fún àyẹ̀wò. Gbogbo ayé ti yàgò fún mi. Ibì kan ṣoṣo tó kù tí ènìyàn ti ń bá mi du nǹkan ni orí ọpọ́n ayò yẹn, ibẹ̀ náà sì ti di ibi ìtọrẹ. Ohun tí mo ń wá kò ju pé kí Rélùwéè bá mi ta ayò òótọ́ kan lọ, kó nà mí bó bá lè nà mí. Mo sọ fún un. Ó ní gbogbo agbára òun ni òun ń lò. Ó fi orúkọ Jésù búra, lọ́jọ́ Àìkú.

Ọmọbìnrin mi ló gbọ́ nípa ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta tó wà ní Baṣọ̀run. Ó ní àwọn afọ́jú àti àwọn tí ojú wọn ń lọ bíi tèmi máa ń péjọ sínú gbọ̀ngàn kékeré kan níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ara wọn bí a ti ń lo fóònù tó ń sọ̀rọ̀, àti bí a ti ń da tíì gbígbóná sínú ife láìjó ọwọ́, wọ́n sì ń ta ayò. N kò fẹ́ lọ. Mo rò pé ńṣe ni wọn yóò jókòó yí ara wọn ká, tí wọn yóò máa sunkún lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò sì fi orin ìtùnú kádìí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà kò jẹ́ kí n gbádùn, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, mo sì gbé àánú tèmi náà lọ fún wọn.

Bí mo ti dé ẹnu ọ̀nà ni obìnrin kan ké sí mi. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni," mo dáhùn.

"Gbogbo wa la jẹ́ èmi níbí. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ sì sọ ibi tí ẹ fẹ́ jókòó, kí ẹnì kan má baà lọ jókòó lé yín lẹ́sẹ̀."

Òfin ilé náà nìyẹn. Ẹni tó ń wọlé a sọ ara rẹ̀, ẹni tó ń jáde a dágbére, nítorí kò sí ohun tó ń tini lójú tó kí ènìyàn máa bá àga òfìfo sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ké sí mi yìí ti fi ọdún pípẹ́ tẹ̀wé ní Sẹkitéríàtì láìríran rárá. Atẹ̀wé ni gbogbo ilé ń pè é. Fóònù rẹ̀ máa ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i jáde ní ohùn òyìnbó kan, tó ń pe orúkọ wa bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni kejì tí mo mọ̀ níbẹ̀ ni Wòlíì, ará ìjọ Aládùúrà kan ní Ṣàngó. Òun ṣì ń rí fìrífìrí láti ẹ̀gbẹ́ ojú, ó sì ń fi fìrífìrí náà yangàn. Kó tó ta ayò, ó máa ń gbàdúrà pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ. Bí wọ́n bá wá nà án, a ní Ọlọ́run kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Wọ́n ní ìlànà tí wọ́n fi ń ta ayò tiwọn. Kí o tó ta, wàá kọ́kọ́ sọ ilé tí o fẹ́ ta sókè, wàá sọ iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀, wàá sì jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó, kí ẹni tí ẹ jọ ń ta á lè fi etí tẹ̀ lé ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìró ọmọ gbọ́dọ̀ bára mu. Atẹ̀wé jókòó síwájú mi. Mo rọra ta ilé kan tí kò lè pa á lára, torí mo rò pé kò yẹ kí ẹni tó ṣì ń rí díẹ̀ fi ìyà jẹ ẹni tí kò rí rárá.

Ó fi ìka yẹ ọpọ́n wò.

"Tíṣà, ilé kejì lẹ ò bá fi jẹ mí, ẹ sì fò ó. Ṣé sàárà lẹ wá ṣe ni? Bó bá jẹ́ sàárà ni, ẹ gbé oúnjẹ wá, a ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ayò jẹ́ ayò."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà sì nà mí. Ó ń kùn orin bó ti ń kó ọmọ mi. Ó ní irú tíṣà báyìí ló ń jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sá kúrò nílé-ìwé. Wòlíì ní kí n má bínú, kí n kàn lọ gbààwẹ̀. Inú mi dùn débi pé nígbà tí mo délé, ńṣe ni ọmọ mi rò pé èmi ni mo borí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo mú Rélùwéè lọ. Mo ti lérò pé bó bá rí bí wọ́n ti ń na ara wọn láìlójú àánú, yóò kọ́ ọgbọ́n. Láti inú takisí dé ẹnu ọ̀nà, ó di apá mi mú bí ẹni di ẹyin mú. Bó sì ti wọlé báyìí ló rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó wọ ilé ọ̀fọ̀.

"Ta ló ń yọ́ rìn bí olè níbẹ̀ yẹn?" Atẹ̀wé béèrè.

Ó sọ ara rẹ̀. Wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n sọ òfin fún un, wọ́n gbé ọpọ́n sí agbede-méjì àwa méjèèjì, àwọn yòókù sì fa àga wọn sún mọ́ wa. Mo rò pé níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ojú yóò tì í láti ṣe ohun tó ń ṣe ní fàráńdà. N kò rò ó dé ibi tó yẹ. Lójú Rélùwéè, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó ń wò ó.

Ayò náà le gan-an fún ìgbà díẹ̀, ọkàn mi sì ti ń balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan an láti ta, gbogbo wa sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà nílé rẹ̀ kẹta. Ìkẹsàn-án yóò bọ́ sí ilé mi tó kẹ́yìn, níbi tí ọmọ kan wà, yóò jẹ mí, ayò yóò sì parí síbẹ̀.

"Ilé kẹta," Rélùwéè wí. "Ọmọ mẹ́jọ."

Kó, kó, kó. Mẹ́jọ bọ́.

"Ọmọ kan dà?" Atẹ̀wé béèrè.

"Ọmọ wo?"

"Ìkẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbàgbé nǹkan rí láyé mi, ọjọ́ yẹn sì ni mo fẹ́ ọkọ. Mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀."

"Mẹ́sàn-án ni," ẹnì kan wí lẹ́yìn.

Wòlíì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, kó lè fi ibi tó dára nínú ojú rẹ̀ wò ó. "Ọwọ́ òsì wọn dì bí ọwọ́ ọmọ tuntun," ó kéde.

Rélùwéè la ọwọ́. Ọmọ ayò kan bọ́ sórí ọpọ́n.

"Ẹ gbà mí o!" Atẹ̀wé ké. "Mo ti mọ ẹni tó ń jí ọmọ kó lè borí. Èyí jí tiẹ̀ kí wọ́n lè nà án! Olè tó ń jalè fún onílé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," Rélùwéè wí. "N kò mọ̀ pé ẹ ń wò mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àga ẹnì kan ṣubú. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé, "Lóòótọ́ lóòótọ́, èwo lo fi òótọ́ ta nínú gbogbo ayò tí mo ti borí?"

Ó ní, "Kò sí."

"O sì búra."

"Ìwọ Tíṣà yìí, o ti burú jù!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó ti gbàgbé pé òun ti ń bọ̀wọ̀ fún mi. "Àwọn tí a jọ máa ń jókòó ní fàráńdà yẹn dà? Àwọn kan ti kú. Àwọn tó kù wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí ọmọ-ọmọ. Ìwọ nìkan ló kù. Bí mo bá nà ọ́ pẹ̀lú ojú yìí, tí o bínú jókòó sílé, ta ni mo fẹ́ máa bá ta? Ìyàwó mi? Ó máa nà mí, á tún fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

Mo ti ń gbé ìbínú ẹni tí wọ́n ń ṣàánú kiri ìgboro Ìbàdàn, láìmọ̀ pé èmi gan-an ni mo ń ṣe ènìyàn lóore ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

"Gbọ́ mi dáadáa," mo wí. "Bí o bá nà mí, n ó padà wá, torí n ó fẹ́ gbẹ̀san. Èyí tí o ń ṣe yìí ni yóò jẹ́ kí n jókòó sílé. Tún ọmọ tò."

Kò tíì lè tò ó. Wòlíì rán wa létí pé ẹni tó bá fi ayò tọrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ gbogbo ife tí a fi mu tíì. Rélùwéè fọ̀ ọ́. Atẹ̀wé fi ìka yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dá méjì padà fún un.

Ìgbà tó padà jókòó, ó nà mí. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń kó ọmọ mi láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń kó ẹrù kúrò nílé olóògbé.

"Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni?" mo bi í.

Ó wúkọ́. "Òpè," ó rọra wí.

"N kò gbọ́."

"Òpè! Òpè aláìmọ̀kan! Irú ẹ ni wọ́n gbà síṣẹ́ tíṣà, ẹ wá ń bi ara yín ìdí tí orílẹ̀-èdè yìí fi rí báyìí!"

Láti ìgbà náà, kò tún ṣàánú mi mọ́, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn ọjọ́ mìíràn wà tó yẹ kó ṣe díẹ̀. Ó nà mí ní fàráńdà, ó nà mí ní Baṣọ̀run. Ó pẹ́ gan-an kí n tó nà án lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan báyìí, ní gbangba, níwájú gbogbo ilé. A wọ takisí padà sí Bódìjà, kò sì tíì dákẹ́.

"Ìka rẹ pẹ́ jù nínú ilé mi," ó wí.

"Òfin gbà mí láyè kí n fọwọ́ kàn án."

"Kí o kàn án ni wọ́n wí, wọn ò ní kí o bá a ṣèpàdé! Ilé karùn-ún mi, mẹ́rin ló wà níbẹ̀ kí o tó débẹ̀. Nígbà tí o kúrò, ó di mẹ́ta."

"Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ bí?"

"Wọ́n ń gbè lẹ́yìn rẹ ni!"

Dẹ́rẹ́bà takisí ti ń gbọ́ wa láti ìgbà tí a ti wọlé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ fún Rélùwéè, bí ẹni pé n kò sí nínú ọkọ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí ojú wọn ni? Ẹ ṣàánú wọn."

"Ta ni kí n ṣàánú?" Rélùwéè bú mọ́ ọn. "Èyí? Olè ni o! Ọmọ mi ló jí lójú mi kòrókòró!"

Mo fọwọ́ kan èjìká dẹ́rẹ́bà, mo ní kó jọ̀ọ́, kó dín rédíò rẹ̀ kù. Mo wá sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó tún un wí pé olè ni mí, kó sì là á dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, nítorí kò dá mi lójú pé gbólóhùn náà ti yé dẹ́rẹ́bà náà.