Bí Mo Ṣe Lọ Kọ́ Káàdì Ṣíṣọ́fù ní Iléṣà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Òṣogbo, tí mo fi wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí Iléṣà. Ṣílè méjì ni mo san. Mo sọ fún awakọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni mò ń lọ kọ́.

"Tíṣà, ẹ ò tíì kàwé tán ni?"

N kò jẹ́ kó mọ̀ pé káàdì ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi òṣìṣẹ́ rélùwéè máa ń ta káàdì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bó bá kàn mí láti ṣọ́fù, ìyẹn ni pé kí n pa káàdì pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tí yóò kan òun, ńṣe ni mo máa ń tò wọ́n bí ọmọ iléèwé. Àkànbí, olórí wọn, ti dájọ́ ní Sátidé tó ṣáájú: "Bí o ò bá mọ̀ ọ́n kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, o ò bá wa ta mọ́. Ẹ̀pà ni wàá máa bó fún wa."

A gba Ìbòkun kọjá. Eruku pupa sọ aṣọ funfun mi di ti bíríkìlà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, alàgbà ìjọ, ni mo lọ bá. "Uyán" ni Ìjẹ̀ṣà ń pe iyán, kí n sì tó jókòó, ó ti dé iwájú mi. Láàárọ̀! Ẹ̀kọ àti àkàrà làwa fi ń panu.

Ẹ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn, ó pín káàdì sí méjì, ó fi àtàǹpàkò tẹ etí wọn, ó sì jọ̀wọ́ wọn: pẹrẹrẹ! Wọ́n wọnú ara wọn. Nígbà tí èmi ṣe é, káàdì ọba méjì já sínú ọbẹ̀.

"Rọra, àna mi. Kì í ṣe ọmọ lò ń nà."

Ìyá ìjọ kanlẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n jókòó lé káàdì, ó sì ń ṣàlàyé fún un bí káàdì ṣe ń ba ọmọ ènìyàn jẹ́ ní Òṣogbo. Ó tọ́ka sí mi. Mo tẹrí ba. Bí ìyá náà ṣe jáde, Ẹ̀gbọ́n dìde:

"Tún un ṣe."

Kí oòrùn tó yí, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo padà dé Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́, n kò tilẹ̀ yà sílé. Mo jókòó sídìí tábìlì àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo ní Iléṣà ni mo ti kọ́ ọ lónìí, mo ṣọ́fù: pẹrẹrẹ! Àkànbí gba káàdì lọ́wọ́ mi.

"Òní nìkan lo kọ́ èyí? Irọ́ ni! Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó ń díbọ́n ni. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan káàdì mọ́, á rẹ́ wa jẹ!"

Ẹ̀pà náà ni mo bó títí mo fi lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá padà délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí káàdì kan já bọ́ lọ́wọ́ yín.