Inú Yín Dùn, Màmá?

Òórùn ọsàn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ilé dókítà tó wà lójú ọ̀nà ọjà ní Pobè nígbà náà. Kì í ṣe ọsàn gidi o. Oògùn olómi kan ni, tó dùn bí oyin, tí wọ́n ń fún ẹni tí inú bá ń run. Kò pẹ́ tí dókítà yẹn dé tí kò fi sí ilé kan ní àdúgbò wa tí ìgò rẹ̀ kò sí. Àwọn kan ń rọ epo sí i, àwọn kan ń fi ta ẹ̀pà. Àlejò tó bá wọ̀lú á rò pé àrùn inú ló bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Kò sí àrùn kankan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fà á, mo sì mọ obìnrin tó fi kọ́ dókítà. Wọ́n ní kí àgbà máa gbàgbé. Èmi kò gbàgbé.

Èmi àti obìnrin náà jọ jókòó lórí àga kan nílé ìwé. Nígbà ìdánwò, mo yege, ó fìdí rẹmi. Mo di olùkọ́ Faransé, òun di aṣọ́nà ilé dókítà. Ẹ̀wù funfun ló ń wọ̀, òun ló sì ń gba ìwé pélébé tí à ń pè ní káné lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, tó ń tò ó bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá kí i dáadáa, káné rẹ̀ á fò lọ sókè. Tèmi ò kúrò nísàlẹ̀ rí.

Dókítà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin láti apá òkè orílẹ̀-èdè wa, ọmọ tó mọ̀wà hù, àmọ́ Faransé ló ń sọ, kò gbọ́ èdè wa rárá. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ ọ̀rọ̀ wa sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ mọ̀ ni "inú," èkejì ni "dùn." Wọ́n ti sọ fún un pé dùn ni ìrora. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀: orí a máa fọ́ ni, inú a máa run ni, ẹsẹ̀ ló máa ń dun ni. Ta ló máa wá sọ ìyẹn fún àlejò? Gbogbo ẹni tó bá wọlé, yálà eéwo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu ni o, yálà etí ni, á bi í tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Inú yín dùn?"

Àwọn èèyàn wa, tí ẹ̀kọ́ ilé ń pa kú lọ, á dáhùn pé, "Inú mi dùn, dókítà. Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́." Ó parí nìyẹn. Oògùn ọsàn.

Ìlú fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wá láti Takon ń sọ pé àwọn ò rí dókítà tó ń béèrè ìdùnnú ẹni rí. Oníṣòwò kan láti Nàìjíríà, tí ara rẹ̀ le koko, a máa yà síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà láti sọ pé inú òun dùn, kó lè gba ìgò kan lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi sẹ́míjàn gbé ìyá mi wá láti Issaba, ó ká jọ lórí ọ̀kadà náà bí ẹja gbígbẹ, ó fọwọ́ di ikùn mú lápá ọ̀tún. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Aṣọ́nà na ọwọ́ dí mi lọ́nà.

"Aláìsàn nìkan ló ń wọlé. Ìwọ Màdáàmù Faransé, kí ló ń ṣe ọ́, yàtọ̀ sí ìgbéraga?"

Gbogbo ìjókòó rẹ́rìn-ín. Mo wò ó látòkè délẹ̀, mo gbé ìró mi, mo jókòó, ìyá mi nìkan ló wọlé. Mo rò pé mo fìyà jẹ ẹ́ nìyẹn.

Mo gbọ́ ohùn dókítà lẹ́yìn aṣọ ìkélé: "Inú yín dùn, Màmá?"

Ìyá mi kò parọ́ rí láyé rẹ̀. "Inú mi dùn kẹ̀? Inú mi ò dùn rárá, ọmọ mi. Látàná ni inú mi ò ti dùn."

"Ó dáa, ó dáa," ni dókítà wí. Ó wo ojú rẹ̀ tó pọ́n nítorí ẹkún, ó sì fún un ní oògùn ojú.

Nígbà tó di ọ̀sán, ara ìyá mi gbóná bí ààrò, kò lè nà tán mọ́. Mo gbé e padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi èjìká ti aṣọ́nà dànù, mo já wọlé. Gbogbo Faransé tí mo fi ń na àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́gba ló fò lọ lórí mi. Mo kàn ń gbá ikùn ara mi pòpò.

Dókítà ṣí ìwé kékeré rẹ̀. "Inú yín dùn, Màdáàmù?"

"Inú mi ò dùn!"

"Ó dáa. Inú ò ṣe yín ní nǹkan kan."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Faransé padà wálé. Mo ṣàlàyé, ó fọwọ́ tẹ ikùn ìyá mi, ìyá mi ké, àwọ̀ dókítà yí padà. Inú mọ́tò ara rẹ̀ ló fi gbé wa dé ilé ìwòsàn Sakété, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i, òkú la à bá gbé wá.

Lọ́jọ́ tí mo padà sí Pobè, mo dúró níwájú gbogbo aláìsàn, mo ní kí aṣọ́nà sọ ẹni tó kọ́ dókítà ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. "Ìwọ ni! Mo bi ọ́ lọ́jọ́ ọjà pé ọ̀rọ̀ wo ni kí n fún dókítà fún ìrora. O ò tilẹ̀ dúró. O ní, 'Dùn ni. Ṣé ìyẹn náà o ò mọ̀?'"

Mo ní irọ́ ni. Mo ṣì ń sọ pé irọ́ ni. Olùkọ́ bíi tèmi á kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yà ara tó ń dunni kó tó dáhùn. Bí mo bá sì sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣé ó yẹ kó mú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọjá lọ ní tòótọ́?

Ìyá mi lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín ló máa ń fi í rín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bi mí léèrè, níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Nígbà tí obìnrin yẹn dá ọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ló dé tí o ò bẹ̀ ẹ́?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí aṣọ́nà yẹn bá mi sọ ni mo ti ní èsì fún, èsì tó mú bí abẹ. Ìyá mi ti lọ, mo ti dàgbà tó báyìí, mo ṣì ń wá èsì tirẹ̀.